Ilé ẹ̀kọ́ àwòrán bó-ṣe-rí ní Florence: kí ni kí n mọ̀ kí n tó gbéra?

Ọmọ_Pẹ́ńsù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Florence, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ti gbà mí wọlé. Àwòrán bó-ṣe-rí, ìyẹn yíya nǹkan bí ojú ṣe rí i gan-an, ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, lọ́nà ti àwọn ará àtijọ́: èédú, ère P.O.P., módẹ́ẹ̀lì (èèyàn tó dúró sójú kan ká lè yà á), ọ̀dà olóróro. Oṣù kẹsàn-án la ó wọlé, ọdún mẹ́ta sì ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya ojú àwọn èèyàn gbowó, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, fọ́tò inú fóònù ni mo máa ń wò yà á.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ìkíní, báwo ni ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rí níbẹ̀? Ìkejì, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí wa nípa ìjáde, ìyẹn àwọn ibi tí ọ̀gá máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wò: Siena, Arezzo, Carrara, mùsíọ́ọ̀mù lóríṣiríṣi. Àwọn kan wà nínú owó ilé ẹ̀kọ́, àwọn tó kù ní owó tiwọn lọ́tọ̀. Ṣé kí n san án ni, àbí kí n máa dá lọ? Owó mi ò pọ̀ o. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹlẹ́èdú

Àbúrò, o kú oríire. Èmi ti ṣe tèmi tán, torí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa dùn ẹ́ jù: ẹnu ọ̀nà ni wàá gbé wíwo fọ́tò yàwòrán sí. Kì í ṣe pé ó burú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fọ́tò ti bá ẹ ṣe iṣẹ́ tó le jù, ó ti sọ ohun tó nípọn di pẹlẹbẹ kó tó dé ọwọ́ rẹ. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ.

Bargue ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún èèyàn. Ará Faransé ni Charles Bargue, òun àti ayàwòrán Gérôme ló ṣe àwọn àwòrán àwòkọ́ yẹn. 197 ni gbogbo wọn, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde láàárín 1866 sí 1871. Wàá dà á kọ, ìlà kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún èmi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi yà á. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ń rí ẹsẹ̀ yẹn lójú àlá.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ère P.O.P., ibẹ̀ ni wàá ti mọ tépù. Wọn á gbé ísẹ́ẹ̀lì rẹ sí ẹ̀gbẹ́ ère náà gan-an, ìwọ á wá fà sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ mélòó kan, wàá lẹ tépù mọ́lẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì dúró sí. Orí tépù yẹn nìkan lo ti gbọ́dọ̀ wo ère, òun náà lo ti gbọ́dọ̀ wo bébà. Wàá wò, wàá pinnu, wàá rìn lọ sídìí bébà, wàá fi èédú kan ibì kan, wàá tún fà sẹ́yìn. Láti orí tépù, ère àti àwòrán á tóbi bákan náà lójú rẹ, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ á sì máa pariwo. Okùn ìwọ̀n tó ní òjé nídìí la fi ń mọ ohun tó wà ní gbọnrangandan lábẹ́ òmíràn. Bí o bá dúró pa sídìí bébà láti àárọ̀ tí o ń dá ara rẹ lójú, ọ̀gá á ti mọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Torí náà, bàtà ni kí o kọ́kọ́ rà. Mi ò ṣàwàdà. Lálẹ́, ẹsẹ̀ ló máa ń ro wá, kì í ṣe ọwọ́.

Èédú náà, a kì í lò ó bó ṣe jáde látinú páálí. Orí sáńpépà la ti ń pọ́n ọn títí ẹnu rẹ̀ á fi rí bí abẹ́rẹ́. Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa á tò jókòó bí ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, à ń pọ́n, a ò sì ní bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn àkókò yẹn ju gbogbo ọjọ́ lọ.

Ojú fèrèsé sítúdíò, àríwá ló máa ń kọ sí, kí oòrùn má bàa wọlé tààrà kí òjìji sì má máa sá kiri lára ère. Àǹfààní ni, àmọ́ ó ní ìyà tirẹ̀: nínú oṣù kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àwọn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ṣiṣẹ́ á kó irinṣẹ́ wọn, wọn á sì máa bínú sí ọ̀run.

Màmá_Kánfáásì

Ẹlẹ́èdú ti sọ ti àwòrán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé, torí ìwé ló lé ọ̀rẹ́ mi kan padà sílé. Àwòrán rẹ̀ dáa ju tèmi lọ.

Físà D ti akẹ́kọ̀ọ́ lo máa gbà. Bí o bá ti balẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ péré lo ní láti bèèrè ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní permesso di soggiorno. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n bá kọ Sportello Amico sí ni wàá ti gba fọ́ọ̀mù rẹ̀. Wàá kún un, wàá lẹ òǹtẹ̀ ìjọba ti yúrò 16 mọ́ ọn, wàá san àwọn owó tó kù, wọn á wá fún ẹ ní ríṣíìtì àti ọjọ́ tí wàá lọ tẹ̀ka lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ríṣíìtì yẹn, máa tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin. Káàdì gan-an lè pẹ́ gan-an kó tó jáde, ríṣíìtì ni wàá sì máa fi hàn títí dìgbà yẹn. Gba codice fiscale náà kíákíá, nọ́ńbà owó orí ni. Bí o ò bá ní i, ọ̀rọ̀ ìwé ilé gbígbà á máa lọ́ pọ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fàyè gba iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Má fi owó yẹn ṣírò owó ilé ẹ̀kọ́ o. Mo gbìyànjú ẹ̀, mo ń fọ abọ́ lálẹ́, mo ń tòògbé lórí tépù láàárọ̀, ère tí mò ń yà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sọ́wọ́ òsì láìmọ̀.

Ilé gbígbé ńkọ́? Bí o bá ti wọ yàrá, kí ẹrù tó wọlé, ya fọ́tò gbogbo ìgun ògiri àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Onílé mi àkọ́kọ́ gbé owó ìdúró mi mì torí ọ̀dà tí mo bá nílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rí. Má sì ṣe kun ọ̀dà nínú yàrá tí o ń sùn, tọpẹntáìnì kì í ṣe òórùn tí èèyàn ń sùn tì.

Ohun kan tó kù tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi títí mo fi rí i: àkísà tó bá ti fa òróró linseed tí a fi ń po ọ̀dà mu lè gbiná fúnra ẹ̀. Kò nílò ìṣáná. Bí òróró yẹn ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, tí o bá wá ká àkísà náà jọ sínú ọ̀rá, ooru ò ríbi gbà. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ níta kó gbẹ, tàbí kí o kì í bọ inú agolo onírin tó ní omi kí o sì dé e. Èéfín ni mo rí ní tèmi, ọpẹ́lọpẹ́ imú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Adárìn

Èmi ni kí n dáhùn ìbéèrè kejì, torí mi ò san kọ́bọ̀ lórí ìjáde kankan lọ́dún àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni mùsíọ́ọ̀mù ìjọba jákèjádò Ítálì. Èrò á pọ̀ bí eṣú. Má lọ Uffizi lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn èèyàn ni wàá rí. Gba mùsíọ́ọ̀mù Bargello lọ. Ère Dáfídì onídẹ tí Donatello ṣe àti èyí tí Verrocchio ṣe wà lábẹ́ òrùlé kan náà, ọmọkùnrin kan náà, orí Gòláyátì kan náà, síbẹ̀ bí ìbàdí ti ọ̀kan ṣe yí ò jọ ti èkejì rárá. Mo ya àwọn méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́ kan náà. Wákàtí mẹ́ta ló gbà. N ò wo nǹkan mìíràn lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì kábàámọ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé: má lọ mùsíọ́ọ̀mù láìru ìbéèrè kan látinú sítúdíò. Mo lọ Accademia lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo wo Dáfídì ti Michelangelo, mítà márùn-ún ó lé díẹ̀, ẹnu yà mí, mo jáde. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, nígbà tí ère P.O.P. ti fojú mi rí màbo, mo padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, gbọ̀ngàn àwọn ère P.O.P. ti agbẹ́ère Bartolini tó wà nínú ilé kan náà ni mo wọ̀. Àwọn àmì dúdú tó-tò-tó wà káàkiri ara wọn, ní iwájú orí, ní orúnkún, ní etí. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ni. Ìṣó ni! Orí àwọn àmì yẹn ni wọ́n ti máa ń wọn ère, kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ sára òkúta mábù. Mo dúró síbẹ̀, mo rántí okùn ìwọ̀n mi, mo bú sẹ́rìn-ín. Nǹkan kan náà la jọ ń ṣe. Ère wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ o, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mùsíọ́ọ̀mù La Specola náà, ní tòsí ààfin Pitti, má fò ó. 1775 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i fún ará ìlú. Ara èèyàn tí wọ́n fi ìda ṣe ló kún ibẹ̀, tí wọ́n ṣí awọ ẹ̀ sílẹ̀ kí iṣan hàn. Bí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀ iṣan èjìká tí kò yé ẹ, ibẹ̀ ló máa yé ẹ. Má jẹun púpọ̀ kí o tó lọ.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́: Uffizi, Pitti àti Accademia kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Pẹ́ńsù àti ìwé kékeré ni kí o mú wọ mùsíọ́ọ̀mù, má mú èédú tàbí yíǹkì, kí o sì kọ́kọ́ bi ẹ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí owó bá tán pátápátá, ẹ̀dà Dáfídì wà níta ní Piazza della Signoria, níbi tí ojúlówó wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé ní 1873. Kò sẹ́ni tó máa gbowó lọ́wọ́ rẹ. Àwòrán Pontormo náà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Felicita, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí afárá Ponte Vecchio.

Siena, bọ́ọ̀sì ni kí o wọ̀, inú ìlú gan-an ló ń já èèyàn sí. Ìsàlẹ̀ òkè ni rélùwéè máa ń sọ̀ ẹ́ sí. Bí o bá sì wọ rélùwéè pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì oníbébà ti agbègbè, tẹ̀ ẹ́ lónǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó wà ní ibùdókọ̀ kí o tó gòkè. Àìmọ̀ ò gba èèyàn lọ́wọ́ owó ìtanràn.

Ẹnu_Ò_Sìn

Adárìn, mo gba èyí tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ, àmọ́ mi ò gbà pé kí àbúrò yìí má san kọ́bọ̀.

Èmi náà ti dá wo àwòrán Titian ní Pitti lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgbà karùn-ún, ọ̀gá wa wà níbẹ̀. Kò sọ̀tàn Titian fún wa. Ó ní ká sún mọ́ ọn, ká tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ká fi ojú wá ibi tí ọ̀dà ti nípọn. Ibi ìmọ́lẹ̀ ló ti nípọn. Ibi òjìji fẹ́lẹ́ bí omi tíì, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ojú kánfáásì nísàlẹ̀ ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Láti ọjọ́ yẹn ni òjìji mi ti jáwọ́ nínú dídà bí ẹrẹ̀. Ta ló máa sọ ìyẹn fún ẹ nígbà tí o bá dá lọ? Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán ò lè sọ ọ́, orúkọ àti ọdún nìkan ló mọ̀.

Ọmọ_Pẹ́ńsù, bí mo ṣe máa pín in nìyí bí mo bá jẹ́ ìwọ. Inú Florence, máa dá lọ bí Adárìn ṣe wí, lẹ́yìn èyí tó wà nínú owó ilé ẹ̀kọ́. Siena náà, dá lọ. Arezzo, dá lọ, rélùwéè ń dé ibẹ̀ tààrà, kí o sì fi orúkọ sílẹ̀ ṣáájú fún àwòrán ara ògiri Piero della Francesca ní San Francesco. Carrara, san án. Òkè gíga ni, iṣẹ́ ṣì ń lọ níbi tí wọ́n ti ń gé òkúta, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń já wọ̀. Àwọn tó bá bá ọ̀gá lọ tún máa ń dé Pietrasanta, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta tí wọ́n sì ń rọ idẹ fún àwọn oníṣẹ́ ère títí dòní. Wọ́n mọ ọ̀gá, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ká ní èmi nìkan ni, ta ni mo jẹ́?

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Ìjáde tó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn pósì (ìdúró kan tí módẹ́ẹ̀lì ń ṣe kí ẹ lè yà á), má lọ. Módẹ́ẹ̀lì ò ní padà wá torí tìẹ.

Adárìn

Ti Titian yẹn, mo gbà. Mo túúbá. Carrara nìkan ni mo tún san lọ́dún kejì, n ò sì sọ ọ́ lókè torí ìtìjú.

Ọmọ_Pẹ́ńsù

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ módẹ́ẹ̀lì tí ẹ dá sílẹ̀ yìí… ṣé òótọ́ ni pé ìhòòhò ni wọ́n máa ń wà? Ilé onígbàgbọ́ ni mo ti jáde o, ojú ti ń tì mí láti ibi tí mo jókòó sí yìí.

Ẹlẹ́èdú

Òótọ́ ni. Ojú á tì ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá rí i pé orúnkún ò sí níbi tí o fi í sí, ojú ò sì ní ráyè tì ẹ́ mọ́. Pósì kan lè gba oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí mẹ́ta lóòjọ́. Bí ìṣẹ́jú 20 tàbí 25 ni módẹ́ẹ̀lì máa ń dúró, á sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, á tún padà. A máa ń lẹ tépù yí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ká kó lè padà síbi tó wà gan-an. Tépù náà tún ni, àbúrò, tépù ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

Òfin wà o. Fóònù ò gbọdọ̀ yọ jáde látinú àpò, kódà kó jẹ́ pé ìyá rẹ ló ń pè. Kan ilẹ̀kùn kí o tó wọlé, kí o sì dúró dìgbà tí wọ́n bá dáhùn. Má fọwọ́ kan módẹ́ẹ̀lì, má tọ́ka pé "gbé apá rẹ sókè díẹ̀", ẹni tí wọ́n yàn ṣe alábòójútó pósì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá wọṣọ sinmi, kí i bí èèyàn. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni iṣẹ́ yẹn. Mo dán an wò pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn fún pósì ojú, nítorí owó, ọrùn mi gan títí di ọjọ́ kejì.

Ọ̀dà_Kò_Tíì_Gbẹ

Ẹ ò tíì sọ ti àtúnṣe ọ̀gá. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ya etí ère kan. Ọ̀gá dé, ó dúró sórí tépù mi, kò sọ̀rọ̀. Ó mú àwòjíìji kékeré, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi kí n lè rí àwòrán náà ní òdìkejì. Kíá ni mo rí i: gbogbo orí ti ṣẹ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá lójú. Ó fi àkísà nu etí yẹn kúrò pátá, ó ní etí náà dára, ibi tó wà ni kò dára. Ó bá tirẹ̀ lọ. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún. Ọjọ́ kejì, mo yà á padà láàárín wákàtí méjì, torí ojú mi ti mọ etí yẹn.

Ra àwòjíìji kékeré kan. Ẹ̀tàn ojú ẹni ò lágbára níwájú rẹ̀.

Àfikún kékeré fún ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ òyìnbó la ń lọ kọ́: Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ wa, ti ṣe irú ìrìn yìí ṣáájú gbogbo wa. Ó kọ́ṣẹ́ ní London àti ní Académie Julian ní Paris ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó padà wálé lọ́dún 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé Èkó. Àwòrán bó-ṣe-rí ló fi dá àwọn tó ní aláwọ̀ dúdú ò lè yà á lóhùn.

Màmá_Kánfáásì

Ẹ má gbàgbé oṣù kẹjọ. Ìlú máa ń ṣófo, ṣọ́ọ̀bù tó pọ̀ á ti ilẹ̀kùn, ooru á gba ojú òde. Bí o bá fẹ́ ra ọ̀dà tàbí bébà Roma tí wọ́n ń fi èédú yàwòrán sí, rà á kí oṣù keje tó parí. Bó ṣe jẹ́ pé oṣù kẹsàn-án lẹ máa wọlé, má tètè dé kí o wá jókòó sójú títì.

Ọmọ_Pẹ́ńsù

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: bàtà, àwòjíìji, okùn ìwọ̀n, ìwé kékeré. Carrara, mo máa san án. Ríṣíìtì, bí ẹyin. Mo ti pa fọ́tò inú fóònù tì láti àná, ìgò kan ni mo gbé sójú fèrèsé tí mò ń yà. Ọjọ́ kejì rèé, kò sì jọ ìgò.

Tépù ńkọ́, ṣé kí n rà á láti ibí?

Ẹlẹ́èdú

Má rù ú. Wọ́n ń tà á níbẹ̀. Eléyìí tí kì í fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ ni kí o bèèrè, àwọn tó ń nu sítúdíò kì í ṣeré. Kí o sì fà sẹ́yìn kúrò nídìí ìgò yẹn.